Òkòtó Inú Wáyà

Wọ́n mú iná lọ ní Mákun bí a ṣe ń jẹun lọ́wọ́.
Màámi ò dá iṣẹ́ dúró.
Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ há a mọ́ èjìká,
ó ń ṣa gbàǹja rẹ̀ lọ:
èyí tó dán, ọ̀tún;
èyí tí kòkòrò ti fẹnu bà, òsì.
Ó ní, "Bọ́látitó, kí ni wọ́n ń kọ́ ẹ gan-an ní Àgọ́-Ìwòyè
tí o fi tú rédíò baba rẹ palẹ̀ tí o ò lè tò ó padà?"

Mo ní, ohun tí ẹ ń fọwọ́ ṣe yìí náà ni.

Ẹ wo wáyà. Ẹ má wo iná, iná ti lọ.
Àwọn tíntìntín tí ń gbé iná rìn nínú rẹ̀,
ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù là ń pè wọ́n ní kíláàsì,
ojú kan ò rí wọn rí,
wọ́n ń rìn, wọ́n sì tún ń pòòyì
bí òkòtó tí a máa ń ta lẹ́yìnkùlé nígbà tí ẹ bá ti sùn.
Àwọn kan ń yí sọ́tùn-ún, àwọn kan ń yí sósì,
iye kan náà,
nítorí náà ìpòòyì wọn pa ara wọn rẹ́:
ọjà kún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn ẹnì kan.

Rírìn wọn nìkan la ti ń lò.
Rírìn náà ló ń jó Baba lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù
tó bá ń wé wáyà fún mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta àwọn Ṣóbándé.
Wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń làágùn,
òógùn wọn là ń pè ní ooru,
àwa la sì ń sanwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá mú pilátínọ́mù,
tí a tẹ́ ẹ títí tó fi tínrín ju awọ obì lọ,
tí a rán iná gba inú rẹ̀ kọjá,
irin náà a ṣe bí ọwọ́ yín.
Ó rí ẹni tó ń yí sọ́tùn-ún, ó tì í sókè.
Ó rí ti òsì, ó tì í sísàlẹ̀.
Iná ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.
Ní ìbú, níbi tí a ò rán ẹnikẹ́ni,
ìpòòyì ń ṣàn.

Màámi dúró, obì kan lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ta ló wá rù ú?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi dán wa wò lọ́dún tó kọjá,
a pọ̀ tí a kùnà.
Mo ní, bí iye tó gòkè ṣe tó ni iye tó sọ̀ ṣe tó.
Kò sẹ́rù tó kúrò nílẹ̀.
Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń kí ará ilé kejì lórí ògiri,
ẹsẹ̀ yín ò yẹ̀, ìkíni ti dé ọ̀hún.

Òòfà la wá gbé lé pilátínọ́mù lórí.
Ìpòòyì dé bá a, ó tì í, ó tún tì í,
òòfà yí orí padà.
Tó bá kọjú síhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni.
Tó bá kọjú sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ìrántí nìyẹn. Wọn ìbáà mú iná lọ, kì í gbàgbé.

Mi ò sọ fún un pé n kò tíì fojú mi rí i kó yí,
pé ẹ̀rọ ìwọ̀n wa ti bàjẹ́ láti ọdún kejì,
pé orí ìwé ni òòfà tèmi ti ń yí orí.

Tọ́ọ̀ṣì kú.
Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró: tò, ọ̀tún. Tò, òsì.
Láti inú òkùnkùn ó ní,
"Ṣé yóò lè rántí iye tí Àlájì Gàrùbá ti Sábó jẹ mí?"
Mo ní yóò rántí.
Ó ní, "Kó yáa tètè yí."